Ìyé Àgbà àti Àwọn Tó Wá Bi Í Léèrè

Láti ìgbà tí a ti sin Ìyé àgbà, gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń sọ pé ó ti lọ sinmi. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń bu omi fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í bá mi lára mu. N kò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Ìyá ìyá mi tí mo mọ̀ kò fẹ́ràn ìsinmi rárá. Bí a bá gbé àga fún un, yóò fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àga náà, yóò sì kọjá lọ. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Yóò gbé àwo sí ọwọ́ òsì, yóò máa rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò tún padà wá, títí oúnjẹ yóò fi tán. Màmá mi sọ pé láti kékeré òun, òun kò jí bá ìyá òun lórí ẹní rí.

Èmi náà kò lè jókòó láti ọjọ́ ìsìnkú náà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí mò ń kọ yìí, mo ti dìde, mo ti lọ fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, mo tún ti padà. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò láti ibì kan sí òmíràn, ẹ má bínú. Bí ó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn náà nìyẹn.

Púpurú ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìyànsàn, abúlé wa. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n ní roboto, yóò tò ó sórí pẹpẹ lókè iná kí èéfín máa yan án. Èéfín yẹn wà nínú aṣọ rẹ̀, ó wà nínú irun rẹ̀, ó wà nínú aṣọ funfun tó ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ti Òkìtìpupa wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, tí mo sì padà sí ilé ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi imú gbóòórùn kọ́là aṣọ mi, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Lọ bi wọ́n bóyá wọn ò jẹun nílé wọn.”

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, Bàbá Èkó ni gbogbo wa ń pè é, nítorí Èkó ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kọ́lé síbẹ̀. Akin ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Ọmọ dáadáa ni. Kò sí ọdún tí kì í wá sí Ìyànsàn, kò sì sí ìgbà tó wá tí òun àti ìyá rẹ̀ kì í jà. Ìjà kan náà ni nígbà gbogbo: kí Ìyé kó ẹrù, kó bá òun lọ. Ìyé gbà fún un lẹ́ẹ̀kan. Ilé alájà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ní kó má sọ̀kalẹ̀ nítorí ọkọ̀. Ìyàwó Bàbá Èkó ń gbé oúnjẹ wá bá a níbi àga, àwọn ọmọ ń tan tẹlifíṣọ̀n fún un. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí pálọ̀ ká láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, títí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ fi gòkè wá béèrè pé kí ló dé. Nígbà tó ní òun fẹ́ padà sí ulí, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ilé, wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró tì í, ó sì kọ̀ láti jókòó títí ọmọ rẹ̀ fi mú un lọ sí gáréèjì. Mo béèrè bí Èkó ti rí. Ó ní, “Wọn ò fi nǹkan kan dù mí. Wọ́n kàn tò mí sórí pẹpẹ bíi púpurú ni.”

Ìjà tó bá wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jà kò yàtọ̀. Wòlíì náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n gbé wá láti Òsóórò, ra bẹ́ǹṣì tó ní ẹ̀yìn, ó tò ó sí iwájú, ó sì kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, àwọn àgbàlagbà kò gbọdọ̀ dìde fún àdúrà mọ́, kí wọ́n jókòó gba tiwọn. Àwọn yòókù dúpẹ́. Ìyé nìkan ló dúró gbagidi lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, láìwọ bàtà bí ìlànà wọn, títí wọ́n fi ṣe àmín. Lẹ́yìn ìsìn, wòlíì sún mọ́ ọn, ó ní, “Ìyá, Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ ti dàgbà.” Ìyé dá a lóhùn níṣojú gbogbo ìjọ, ó ní, “Òun mọ̀, kò sì pariwo rẹ̀. Ìwọ lò ń kéde.”

Mo ń sọ nǹkan wọ̀nyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣọlá bá pàdé.

Ní ọdún tí Ṣọlá dé, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, ilé ìwé wa wà ní títì. Ayé àwọn ológun ni, epo bẹntiróò wọ́n bí ojú, ẹni tó bá wà ní abúlé kò tètè kúrò níbẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ Ìyé, mò ń bá a bó ẹ̀gẹ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀, nítorí n kò mọ̀ bóyá n ó tún padà sí kíláàsì láéláé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan wọ inú àgbàlá wa pẹ̀lú bébà ìbéèrè lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ń ṣe ìwádìí nípa ìlera àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni Ṣọlá. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, ó sì mọ ìwà hù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Ìyé. Lẹ́yìn náà, ó fa ìjókòó, ó kọjú sí mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni Màmá?”

Mo ní n kò mọ̀.

“Ṣé wọ́n máa ń rí oorun sùn? Ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa?”

Nínú èdè Ìkálẹ̀, a kì í fi “wọ́n” pe ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó dàgbà tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ “ó” fún ìyá àgbà mi níhìn-ín, kì í ṣe àfojúdi. Ìyé dáwọ́ ẹ̀gẹ́ dúró. Ó ní, “Àwọn wo? Èmi nìkan ló wà níbí.”

Ṣọlá rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyá náà kò gbọ́ ni, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bíi pé òkè odò ló wà: “MÀMÁ! ṢÉ Ẹ Ń RÍRAN?”

Ìyé ní, “Mò ń ríran. Mo rí i pé o ò kọjú sí mi láti ìgbà tí o ti jókòó.”

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jáde, wọ́n fo ilé aládùúgbò wa, Bàbá Ọlọ́pẹ, arúgbó kan tó ti fìgbà kan máa ń gun ọ̀pẹ, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń sọ fún Ṣọlá pé etí baba yẹn ti di, kí àwọn lọ sí ilé tó kàn. Ìyé náà gbọ́. Ó fọ ọwọ́, ó ró ìró rẹ̀ le, ó tẹ̀ lé wọn sínú oòrùn. Ó ní kí wọ́n sọ orúkọ ẹni tó rán wọn níṣẹ́ fún òun. Wọ́n ní Dókítà Mojí ni, pé Òkìtìpupa ni ó wà. Ó ní kò burú.

Ní ọjọ́ kejì, a gun ọ̀kadà lọ sí Òkìtìpupa. Ìyé fẹsẹ̀ ya ìjókòó bí ọkùnrin, ó di ọlọ́kadà mú, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ó ń bi ọlọ́kadà bóyá kò lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká padà, pé wọ́n lè má gbà wá wọlé.

Wọ́n gbà wá wọlé. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni Dókítà Mojí, olùkọ́ yunifásítì ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, aṣọ àdìrẹ ló wọ̀. Ó gbé àga fún Ìyé, Ìyé fọwọ́ kan àga, ó sì dúró. Dókítà náà bá dìde, òun pẹ̀lú dúró. Ìdúró yẹn ni wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyé kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀: pé wọ́n wá sí ilé òun, wọ́n ń bi ọmọ-ọmọ òun nípa oorun òun; pé wọ́n fo ilé ẹni tó wà láàyè bíi pé ó ti kú.

Mo rò pé Dókítà yóò bínú, tàbí kó bẹ̀ ẹ́ lásán. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó ní, “Màmá, èmi ni mo kọ ìbéèrè yẹn. Àwọn tó lè tètè dáhùn ni mo ní lọ́kàn. N kò kọ́ àwọn ọmọ yìí ní bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àgbà, mo rò pé ilé ló ti kọ́ wọn. Ilé kọ́ wọn láti dọ̀bálẹ̀.” Ó ní ìyá òun tó wà nílé, bí àwọn bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, òun lòun máa ń dáhùn fún un. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun yóò dá iṣẹ́ náà dúró, òun yóò kọ́ àwọn olùṣèwádìí òun lẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ní Ìyànsàn gan-an, kí àwọn àgbà ibẹ̀ wá jókòó kí àwọn ọmọ náà fi wọ́n kọ́ṣẹ́. Ó bi Ìyé bóyá yóò wá.

Ìyé ní, “Ma á wá. Ṣùgbọ́n n ò ní jókòó.”

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Ìyànsàn ni wọ́n lò, nítorí àwọn ọmọ wà nínú ìsinmi. Nígbà tí Dókítà gbọ́ pé mo wà nílé láìṣe nǹkan kan, ó fi mí kún àwọn tí yóò kọ́ṣẹ́. Báyìí ni mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí ìyá àgbà mi ti jẹ́ ẹni tí a ń fi kọ́ṣẹ́, n kò sì rí ibi fi ojú sí.

Olùkọ́ gidi ni Dókítà Mojí. Ó kọ́ wa pé kí ìjókòó wa má ga ju ti àgbà lọ, kí a kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà kí ẹni tí etí rẹ̀ wúwo lè rí ètè wa. Ó ní kí a má pariwo, kí a fa ohùn sílẹ̀, kí a sọ ọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Kí a lọ bá wọn nílé, kì í ṣe kí a ní kí ẹni tí orúnkún ń dùn wá bá wa ní ìlú Ìrẹ̀lẹ̀. Kí a gba àṣẹ lẹ́nu àgbà náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó tún sọ pé ẹbí kò gbọdọ̀ bi ẹbí léèrè, nítorí ẹni tó bá rò pé òun ti mọ ìdáhùn kì í fetí sílẹ̀. Èyí tó ṣòro fún wa jù ni dídúró. Bí a bá béèrè, tí àgbà kò sì tíì dáhùn, a máa ń fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Dókítà á ní, “Ẹ dúró. Ó ń wá a bọ̀.”

Bàbá Ọlọ́pẹ wá, àwọn àgbà mìíràn náà wá. Ìyé wá, ó sì ń da kíláàsì rú. Kò jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ bi í ní ìbéèrè ní láti máa tẹ̀ lé e yí pápá ká. Ó sọ fún ọmọbìnrin tó fo ilé Bàbá Ọlọ́pẹ pé ọkọ òun jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ìjọ́, apẹja kan tó rì sí odò, pé òun bí ìbejì fún un. Ọmọbìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Nígbà tí mo ní irọ́ ni, pé bàbá àgbà mi, tíṣà tó kú sórí ibùsùn rẹ̀, ni ọkọ tó ní, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, ẹ fi ẹ̀dùn ọkàn wá bá mi ní Òkìtìpupa, mo sì gbọ́. Àwọn ọmọ yìí ti wá báyìí, ẹ wá ń fi wọ́n ṣeré. Bí ẹ bá ń parọ́ fún wọn, irọ́ ni wọ́n máa kọ́.”

N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá Ìyé wí rí. Ó jáde, ó lọ ń rìn nínú pápá, lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ògiri náà. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e, Dókítà fi orí ṣàmì pé kí n fi í sílẹ̀.

Nígbà tó padà, a ti dé ibi tí ẹnì kan yóò béèrè ìbéèrè níwájú gbogbo wa, kí a lè wo bó ṣe ṣe é. Dókítà ti sọ fún àwọn àgbà pé ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn ohun kan, kó sọ pé òun kò fẹ́, kò sẹ́ni tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣọlá ló kàn. Ìyé wọlé, ó fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó. Ó jókòó, lóòótọ́.

Ṣọlá gbé ìjókòó rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé yóò ti bà lé ojú rẹ̀. Ó bi í nípa oorun, ó dáhùn. Ó bi í nípa orúnkún, ó dáhùn. Lẹ́yìn náà, ó ní, láìpariwo, “Ìyé, ojú yín ńkọ́?”

Ìyé kò sọ nǹkan kan. Ẹnì kan wúkọ́. Mo mọ ìdáhùn, gbogbo ilé wa mọ̀ ọ́n, pé Ìyé ń ríran ju àwa ọ̀dọ́ lọ. Díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́. Ṣọlá la ẹnu, ó tún pa á dé, ó dúró.

Ìyé ní, “Èyí tó wà lápá òsì kò rí nǹkan kan mọ́. Láti ọdún tó kọjá ni. Èkejì náà ti ń lọ. Ìwọ tó o jókòó yìí, òjìji ni mò ń rí.”

Ṣọlá bi í, “Ta ló mọ̀?”

“Ẹ̀yin.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún àwọn ọmọ yín?”

Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n máa ń sọ fún ara wọn pé ojú mi dára. Bí mo bá sì sọ ọ́, wọ́n máa kó mi lọ sí Èkó.”

Ìgbà náà ni ohun tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá yé mi. Ọwọ́ tó ń fi kan ẹ̀yìn àga. Ọwọ́ tó wà lára ògiri. Bó ṣe jẹ́ pé ohùn ẹni ló ń kọjú sí. Mo jáde síta, mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sí ara mi. Dókítà sọ fún gbogbo wọn pé ohun tí àgbà bá sọ fún wa, a kì í gbé e lọ sí ìta. Ó wá bi Ìyé bóyá ó fẹ́ kí a pa ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ìyé ní, “Rárá. Akin ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Òun lẹ kò tíì kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.”

Mo bẹ̀rù ọjọ́ Àìkú yẹn. Mo mọ Bàbá Èkó. Dókítà Mojí náà kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, ṣùgbọ́n Ìyé ránṣẹ́ sí i, ó sì wá. Lẹ́yìn ìsìn, a jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí Ìyé ti ń yan púpurú. Màmá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà sọ fún Bàbá Èkó pé ìyá rẹ̀ ní kí òun wá fi bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà hàn án.

Bàbá Èkó rẹ́rìn-ín. “Lọ́wọ́ ìyá mi? Mo mọ ìyá mi.”

Dókítà ní, “Òótọ́ ni, sà. Ẹ bi í bẹ́ẹ̀ náà.”

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó fi èdè Èkó tó ti mọ́ ọn lára bi í. “Ìyé, ara yín le?”

Ìyé ní, “Ìkíni nìyẹn.”

Ó wo Dókítà, ó wo màmá mi, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé kí ló ń ṣe é. Ìyé sọ fún un, bó ṣe sọ fún Ṣọlá gẹ́lẹ́. Bàbá Èkó fò dìde. Ó ní òun ti ń sọ ọ́! Kí wọ́n kó ẹrù Ìyé, lónìí yìí ni àwọn ń lọ! Màmá mi bú sẹ́kún. Ìyé jókòó síbi tó wà, ojú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti di ẹsẹ̀ pẹpẹ mú.

Dókítà ní, “Sà, ẹ kò tíì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́.”

Bàbá Èkó dúró síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Ọkùnrin ńlá ni, agbádá sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú, níwájú ìyá rẹ̀, ó ní, “Ìyé, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?”

Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹlòmíràn á dáhùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìyé ní, “Mú mi lọ ibi tí wọ́n ti ń tún ojú ṣe. Bí wọ́n bá tún un ṣe, dá mi padà síbí. Bí wọn ò bá lè tún un ṣe, dá mi padà síbí náà.”

“Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́?”

“Ma á ṣubú. Ilẹ̀ tí mo mọ̀ ni ma á ṣubú lé.”

Ó mú un lọ. Wọ́n ṣí awọ funfun tó bo ojú ọ̀tún rẹ̀ kúrò. Ti òsì ti kọjá àtúnṣe. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì náà, ọmọ rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Ìyé wò ó títí, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, “Akin, o ti darúgbó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.” Lẹ́yìn náà ni Bàbá Èkó dá a padà sí Ìyànsàn, bí ìyá rẹ̀ ṣe ní kó ṣe.

Iṣẹ́ ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ padà. A lọ láti ojúlé dé ojúlé, kò sí ilé tí a fò. Mo rí Ṣọlá níwájú Bàbá Ọlọ́pẹ, tó jókòó sínú oòrùn kí baba náà lè máa wo ẹnu rẹ̀, tí òógùn ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí baba yẹn ní láti sọ pọ̀ débi pé Ṣọlá ní láti padà wá lọ́jọ́ kejì. Ìyé ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ojú rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù. Mo bi í bóyá inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé. Àwọn kan ti lọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn ìyìn tí wọ́n yìn wá nígbà tí iṣẹ́ parí. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé kan tí mo rí àga òfìfo, mo máa ń ronú nípa ẹni tí kò sẹ́ni tó bi léèrè.

Ọdún díẹ̀ ni Ìyé tún fi rìn kiri. Ó padà sí ìdí iná rẹ̀, ó tún bá wòlíì jà, ó sì máa ń lọ sí ọjà Ìrẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣubú nígbà méjì tí mo mọ̀, ó dìde. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ó ti ọjà dé lọ́sàn-án, ó sọ fún aládùúgbò pé òun fẹ́ fara ti ògiri díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ẹbí péjọ sí àgbàlá, Bàbá Èkó sì wà láàárín wọn lórí àga, irun rẹ̀ ti funfun pátápátá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní ó ti rẹ Bàbá, kí wọ́n gbé oúnjẹ fún Bàbá, Bàbá kò fẹ́ ẹran, kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá wọ ọkọ̀ ní kùtù hàì. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo gbé àpótí ìjókòó, mo jókòó níwájú rẹ̀, mo yí díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bà lé ojú mi.

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dàgbà jù dá mi lóhùn lókè orí wa, ó ní, “Wọ́n ń sùn dáadáa, Yẹmisí.”

N kò wò ó. Mo dúró. Àwọn ewúrẹ́ kọjá, ẹnì kan pe ẹnì kan lójú títì, mo ṣì dúró.

Bàbá Èkó gbé ojú sókè.

“Rárá,” ó ní. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.